Ìyàwó Ará Màléṣíà Wọ Ọjà Ìkọ̀tún

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí Ìyá Ìbejì tó sọ ọ́, torí ìtàn kì í ti ẹnu obìnrin yẹn jáde láì sanra. Èmi wà níbẹ̀. Èmi ni mo di ìyàwó náà lọ́wọ́ mú láti ìdíkọ̀ Ìṣẹ̀rí títí a fi wọ ọjà Ìkọ̀tún. Ẹ̀yìn pátápátá ni Ìyá Ìbejì wà, ó ń bá kọndọ́kítọ̀ jà lórí ṣéńjì.

Ẹ ṣáà mọ àkọ́bí Màmá Onílé, èyí tó lọ kàwé ní Màléṣíà tí a ò gbúròó rẹ̀ títí? Ó dé o. Òun nìkan kọ́ ló sì dé. Ó mú aya bọ̀, ọmọ Malay pọ́ńbélé, láti ìlú kan tó ń jẹ́ Kota Bharu ní ìpínlẹ̀ Kelantan, lápá ibi tí Màléṣíà ti bá Thailand pààlà. Ọmọ náà fi híjáàbù bo orí, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú Màmá. Màmá tó ti búra pé ọmọ Ìjẹ̀bú kan pàtó lòun máa fẹ́ fún ọmọ òun, ẹnu rẹ̀ wọ mọ́ra. N kò ní dárúkọ ọmọ Ìjẹ̀bú náà. Ojúlé kejì sí wa ló ń gbé, ògiri wa ò sì nípọn.

Ọjọ́ kejì tí wọ́n dé, Bàbá Tíṣà tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ kànga ní dandan ni kí àlejò mọ ilẹ̀ tó tẹ̀. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni bàbá yẹn fi kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ girama kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì tíì gbà pé òun ti fẹ̀yìn tì. Ó bẹ̀rẹ̀ láti Ilé-Ifẹ̀: bí Olófin Ògúnfúnminíre ṣe kúrò níbẹ̀, bí wọ́n ṣe gbé àwo lé orí omi odò Ògùn tí wọ́n ń tẹ̀ lé e, bí àwo náà ṣe ń dúró tó tún ń lọ, títí tó fi dé Ìṣẹ̀rí tó rì, tí àwọn èèyàn Olófin sì tẹ̀dó síbẹ̀, kí wọ́n tó tún gbéra lọ sí Ẹ̀búté-Mẹ́tta àti Ìddó. Ọkọ ń túmọ̀, ìyàwó ń mi orí. Nígbà tí ìtàn parí, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi Bàbá Tíṣà: oúnjẹ wo ló wà nínú àwo náà?

Ẹ̀yin ará ilé, láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ìtàn yẹn, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bèèrè bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá Tíṣà la ẹnu, ó tún pa á dé. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ikùn la máa bá ìyàwó yìí yí.

Òótọ́ sì ni. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ gbé e lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá tó ń lo ẹ̀rọ amúlétutù. Ó kọ̀. Ó ní òun ò fò wá láti Kota Bharu kí òun lè wá wo bísíkíìtì nínú páálí, ibi tí àwọn obìnrin ti ń ta oúnjẹ lòun fẹ́ rí, torí ibẹ̀ ni wọ́n ń mú àlejò lọ nílùú tòun náà. Ó wá yọ fóònù, ó fi ọjà wọn hàn wá. Ẹ gbà mí! Ilé alájà kan tí ìmọ́lẹ̀ ń gba òkè rẹ̀ wọlé, tí àárín rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tó fi jẹ́ pé tí o bá dúró lájà òkè, orí àwọn obìnrin ni wàá máa wò nísàlẹ̀, àwọn náà jókòó sáàárín ata, ẹ̀fọ́, èso àti ẹja gbígbẹ, oníkálukú gúnwà. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń tajà níbẹ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ ọjà náà ni Siti Khadijah, ìyẹn Khadijat aya Ànábì, ẹni tó ti jẹ́ oníṣòwò kó tó di aya Ànábì. Màmá Onílé, tó jẹ́ Àlhájà, gbọ́ ìyẹn, ó gbá ìyàwó mọ́ra. Láti ìṣẹ́jú yẹn ni ọ̀rọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú ti wọlẹ̀.

Ó tún fi ìrẹsì aláwọ̀ búlúù hàn wá. Ó ní òdòdó ni wọ́n fi ń rẹ ẹ́ láró kí wọ́n tó sè é. Ìyá Ìbejì ní irọ́ ni, pé fóònù ọmọ náà ló ti bàjẹ́.

A wá gbéra ní Sátidé. Kòròpe ni a wọ̀, a gba Ìdímù já sí Ìkọ̀tún. Ìkànìyàn ọdún 2006 ní àwa ará Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ wa, jẹ́ 1,277,714. Tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ ní Ìkọ̀tún lọ́sàn-án Sátidé, ẹ máa rò pé gbogbo wọn ló jọ ṣe àdéhùn síbẹ̀. Wọ́n sì mọ àlejò níbẹ̀ o. Títí T.B. Joshua fi kú lọ́dún 2021, àìmọye èèyàn ló ń ti ilẹ̀ òkèèrè wá síbẹ̀ torí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni àlejò tó wá gbàdúrà, ọ̀tọ̀ ni àlejò tó wá ná ata rodo.

Kí a tó rìn jìnnà, wọ́n ti ń pè é: "Ṣáínà! Ṣáínà! Wá ra tòmátì!" Ó kọ́kọ́ ń ṣàlàyé pé òun kì í ṣe ará Ṣáínà. Nígbà tó yá, ó kàn ń juwọ́ sí wọn. Hausa alálùbọ́sà kan rí híjáàbù rẹ̀, ó sálámà sí i. Ìyàwó dáhùn wéré, ọkùnrin náà bá mú àlùbọ́sà mẹ́ta, ó fi lé e lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ra àlùbọ́sà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn. Kò fún mi ní èèpo rí.

Lọ́dọ̀ aláta, ìyẹn pe ìlọ́po méjì iye tí mo ra irú ata kan náà lánàá. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ìyàwó tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ó wo ata náà, ó gbé ọ̀kan, ó yí i, ó gbé e sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ jẹ́jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò bojú wẹ̀yìn. Aláta pariwo, "Àlhájà Ṣáínà, padà wá, mélòó lẹ máa san?" Ta ló kọ́ ọ? Wọ́n á ní ọjà níná ò sí nílé ìwé.

Ọjà níná yìí, ẹ má fojú kéré rẹ̀ o. Nígbà ogun Hitler, ìjọba òyìnbó yan Captain Pullen pé kó máa dá iye lé oúnjẹ l'Ékòó, kí aláta àti onígàrí má tà á ju iye tí ìjọba bá kọ sílẹ̀. Alimọ́tù Pẹlẹ́wùrà, ẹlẹ́ja ọjà Èrékò tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó, kò gbà fún un. Kò ka ìwé o, ṣùgbọ́n ó bá wọn fà á títí wọ́n fi jáwọ́ nínú rẹ̀. Nítorí náà, tí aláta bá pe iye tó wù ú fún mi, mo máa ń bínú, ṣùgbọ́n mo máa ń rántí pé ẹnì kan ló jà fún ẹnu tó fi ń pè é.

Kí ni mo ń sọ? Ẹ̀n-ẹ́n, irú. Èmi àti Ìyá Ìbejì ti ta owó lé imú ìyàwó kí a tó dé ọ̀dọ̀ oníirú. Mo ní ó máa sá. Ó tẹ̀ ba, ó gbóòórùn irú pẹ̀tẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní nílé àwọn, ẹja kéékèèké ni wọ́n ń fi iyọ̀ pa mọ́ títí yóò fi domi, budu ni wọ́n ń pè é, òórùn rẹ̀ sì lágbára ju èyí lọ fíìfíì. Ó ra irú wérewère mẹ́ta, oníirú tún fi èènì sí i. Ìyá Ìbejì gba igba náírà rẹ̀ lọ́wọ́ mi lójú ẹsẹ̀.

Ìgbín ló wá dẹ́rù bà á. Obìnrin kan kó wọn sínú agbada, wọ́n ń yọ ìwo. Ìyàwó fò sẹ́yìn! Ó ní àwọn ìbátan ìgbín yìí, èyí tó ti ìlà oòrùn Áfíríkà dé ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀tá ọgbà ni. Òru ni wọ́n ń jáde wá jẹ ẹ̀fọ́ ìyá òun, tí ìyá òun á máa fi tọ́ọ̀ṣì wá wọn láti pa. Oníìgbín bi mí pé kí ló ń wí. Mo ní ó ní ìyá òun ń da ìgbín nù. Oníìgbín jókòó, ó ká ọwọ́ lérí, ó ní ṣé ọkọ̀ òfuurufú tó ń lọ síbẹ̀ wọ́n púpọ̀?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an la wá dé yìí: ìsọ̀ elépo. Kẹ́ẹ̀gì tò lọ súà, elépo ń fi àrọ rọ ọ́ sínú ìgò, ó pupa yòò. Ìyàwó bi ọkọ rẹ̀ pé kí ni wọ́n pa láró sínú ìgò yẹn. Ọkọ ní epo ọ̀pẹ ni. Ìyàwó ní rárá o, òun mọ epo ọ̀pẹ. Òun ni àwọn fi ń dín gbogbo nǹkan nílé, kì í pupa, ó mọ́ gaara, ó fẹ́ẹ́ pọ́n díẹ̀, inú rọ́bà ló sì máa ń wà. Elépo gbọ́ ìtumọ̀, ó dìde dúró. "Epo tí kò pupa? Kí ni wọ́n fi ṣe é?"

Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀, mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ wa ló lọ sókè òkun, tó lọ bóra.

Ọjà dàrú fún ẹ̀rín. Àní òótọ́ ni: iléeṣẹ́ ni wọ́n ti ń yọ àwọ̀ àti òórùn kúrò lára epo wọn kó tó dé ilé ìdáná. Elépo rọ díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ ìyàwó, ó lá a, ó pa ojú dé. Ó ní òun ò mọ̀ pé ó ní adùn tirẹ̀.

A délé, a ròyìn, ni ọkọ Ìyá Ìbejì bá tú síta pẹ̀lú ìtàn tí gbogbo wa ti ń gbọ́: pé àwọn ará Màléṣíà wá sí Nàìjíríà lẹ́yìn òmìnira, wọ́n jí èso ọ̀pẹ wa kó lọ. Ó ń wo ìyàwó bí ó ṣe ń sọ ọ́. Bàbá Tíṣà fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. Ó ní irọ́ ni, ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 1848 ni wọ́n gbin irúgbìn ọ̀pẹ mẹ́rin, mẹ́rin péré, tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, sí ọgbà ìjọba Dutch ní Bogor ní erékùṣù Java. Láti ibẹ̀ ni irú ọmọ wọn ti tàn kálẹ̀. Lọ́dún 1917, Faransé kan, Henri Fauconnier, dá oko ọ̀pẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ṣòwò sílẹ̀ ní Selangor, ní Màléṣíà. Òǹkọ̀wé ni ọkùnrin náà tún jẹ́, ó gba ẹ̀bùn Goncourt lọ́dún 1930. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1966, wọ́n ti já wa sílẹ̀. Indonéṣíà ló ṣáájú lónìí, Màléṣíà ló tẹ̀ lé e, àwa ń ra epo láti òkèèrè kún tiwa.

Ó ní èyí tó wu òun jù ni ti kòkòrò. Ọ̀pẹ wọn lọ́hùn-ún kì í so dáadáa fúnra rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èèyàn ni wọ́n ń háyà láti máa fi ọwọ́ gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó akọ lọ bá abo. Lọ́dún 1981 ni wọ́n wá lọ kó kòkòrò kékeré kan wá láti Kamẹrúùnù, tó ń ṣe iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ ń sọ pé wọ́n gbé ìyàwó lọ tán, wọ́n tún padà wá mú alárinà?" Màmá Onílé ní kí n má sọ ìsọkúsọ níwájú ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ tí wọ́n máa padà, ìyàwó gbé rọ́bà epo pupa lítà márùn-ún jáde, ó ní òun ń mú un lọ fún ìyá òun. Ọkọ figbe ta: "Màléṣíà lo fẹ́ gbé epo ọ̀pẹ lọ?" Ìyàwó ní kì í ṣe èyí ni wọ́n ní. Màmá mú ìró ankara wá pé kí wọ́n fi wé e. Bàbá Tíṣà ní kí wọ́n fi rọ́bà sínú rọ́bà. Èmi ni mo fi sẹ́lótéèpù lẹ ẹnu rẹ̀ yípo. Wọ́n gbé àpótí lé ìwọ̀n, ó ti kọjá kílò tí wọ́n fún wọn, ohun kan gbọ́dọ̀ jáde. Epo ò jáde o. Bàtà ọkọ méjì ló jáde, dúdú kan, búráùn kan, awọ gidi.

Yàrá Màmá ni wọ́n ní bàtà náà wà. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tó kọjá, ní òde ìgbéyàwó kan ní Ìgandò, mo rí ọkọ Ìyá Ìbejì tó ń jó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dán. Búráùn ni. Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́.