Ìka Ò Dọ́gba, Ẹ Ra Òrùka fún Wọn

Àwọn àgbà ló ní ìka ò dọ́gba, wọn ò sì parọ́. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì kó wò ó. Àtàǹpàkò kúrú, ó ki bí olóyè tó jẹun yó; ìka àárín yọ gàgàrà lórí gbogbo wọn; ọmọńdinrín fara tì sí ìpẹ̀kun bí ọmọ tí wọn ò pè síbi àsè. Ohun kan ṣoṣo tí àwọn àgbà ò sọ ni pé ìka àárín ló máa ń pa òwe náà. Ọ̀gá tó jẹ òṣìṣẹ́ lówó oṣù mẹ́ta ló ń pa á fún òṣìṣẹ́. Bàbá tó fi ọmọkùnrin sílé ìwé, tó gbé igbá ọsàn ru ọmọbìnrin, òun ló ń pa á fún ọmọbìnrin. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọńdinrín rí, àfi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, màá sì débẹ̀.

Òwe yìí ti gba físà. Mo bá a pàdé ní Ìlú Ọba, nínú ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì tí mo ti ń jẹun. Ó ti wọ ẹ̀wù funfun àwọn ará láàbù, ó ti ń fi imú sọ̀rọ̀. Bí a bá béèrè pé kí ló dé tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni láàbù, láti àjà kìíní títí dé àjà karùn-ún, fi jọra bí ọmọ ìyá, wọn á ní: "Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe là ń mú." Òwe wa náà nìyẹn, aṣọ ló pààrọ̀.

Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe. Ó dáa. Lọ́dún 1902, wọ́n dá orúkọ Hertha Ayrton fún Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ti wà ní London láti 1660. Obìnrin yìí ti wádìí dé gbòǹgbò nípa iná tó máa ń fò láti orí ọ̀pá kábọ́ọ̀nù kan dé orí èkejì, irú èyí tí wọ́n fi ń tan ìmọ́lẹ̀ sójú pópó nígbà náà. Ẹgbẹ́ náà pe lọ́yà. Lọ́yà ní abilékọ ni, òfin ò sì ka abilékọ sí ẹni tó lè jókòó níbẹ̀. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ kan náà fún un ní àmì ẹ̀yẹ Hughes Medal. Ẹ wò ó dáadáa: wọ́n fún un lórùka, wọ́n ní kí ìka dúró síta. Ó kú ní 1923. Ó di 1945 kí wọ́n tó gba obìnrin wọlé, Kathleen Lonsdale àti Marjory Stephenson. Ọdún 285 ni wọ́n fi wá obìnrin kan tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Wọ́n á ní ayé àtijọ́ nìyẹn. Lọ́dún 2012, Corinne Moss-Racusin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yale fi ìwé ìwáṣẹ́ kan han àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n sáyẹ́ǹsì 127 ní Amẹ́ríkà. Ìwé kan náà ni. Orúkọ nìkan ló yàtọ̀: àwọn kan rí John, àwọn yòókù rí Jennifer. Ní ìpíndọ́gba, wọ́n ní àwọn máa san 30,238 dọ́là fún John lọ́dún, Jennifer, 26,508. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin náà ò sì ṣe é yàtọ̀ sí bí àwọn ọkùnrin ṣe ṣe é. Jennifer rèé o, orúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n pè. Mi ò fẹ́ mọ iye tí wọn ì bá dá lé Olúwafúnmiláyọ̀.

Nígbà tí ariwo irú nǹkan báyìí wá pọ̀, ọ̀gá àgbà wa pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó bu tíì fún mi. Ó ní gbogbo àwọn aláṣẹ fẹnu kò pé èmi ni ó yẹ kí n jẹ alága ìgbìmọ̀ EDI. Ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ni pé kí ẹ̀tọ́ kárí, kí onírúurú èèyàn wà nínú ilé, kí ẹni tó wà nínú ilé má sì máa jókòó bí àlejò. Ta ló máa kọ irú ẹ̀? Mo bi í pé wákàtí mélòó ni wọ́n máa yọ nínú iṣẹ́ mi láti fi ṣe é. Ó rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé èló ni owó tó wà nídìí ẹ̀. Ó tún bu tíì sí i.

Ìka tó kúrú ni wọ́n ní kó wá fa ara rẹ̀ gùn.

Àwa mẹ́sàn-án la wà nínú ìgbìmọ̀. Obìnrin méje, ọkùnrin méjì. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà rò pé ìpàdé lórí ààbò iná lòun wá. Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ni wọ́n fi sí fún wa, nítorí pé kò sí yàrá tó ṣófo ní àkókò mìíràn. Ohun kìíní tó wà lórí ìwé ìpàdé ni bí ilé-iṣẹ́ ṣe lè ran àwọn òbí ọmọ kéékèèké lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa di aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn òbí ọmọ kéékèèké ti gbé báàgì, wọ́n ti sáré lọ gbé ọmọ kí jẹ́lé-ó-sinmi tó tì. Àwa tó kù fẹnu kò pé ọ̀rọ̀ náà ṣe pàtàkì gan-an.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ dé, orí kọ̀ǹpútà, nípa ojúsàájú tí èèyàn ń ṣe láìmọ̀. Ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n. Ọ̀gá kan tó ní láàbù ńlá ṣe tiẹ̀ níbi tó ti ń jẹ búrẹ́dì ọ̀sán, ó gba ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ó jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn, ó wá pè mí lórúkọ ọmọ Ghana tó wà ní àjà kejì.

Wọ́n tún ya fọ́tò. Kọ̀ǹpútà ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ tèmi, ṣùgbọ́n ayàwòrán ní sáyẹ́ǹsì ò hàn lójú kọ̀ǹpútà. Wọ́n wọ̀ mí lẹ́wù funfun, wọ́n fún mi ní pípẹ́ẹ̀tì, wọ́n bu omi aláwọ̀ aró sínú ìgò kékeré kí n máa wò ó tìyanutìyanu. Àwòrán yẹn wà lójú-ìwé àkọ́kọ́ ilé-iṣẹ́ wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó wà níbi tí wọ́n ti ń pe àwọn èèyàn wá síṣẹ́, ó wà lẹ́yìn ìwé ìròyìn ọdọọdún. Ẹni tó bá ń wò ó láti òkèèrè á rò pé àwa èèyàn dúdú tó wà níbẹ̀ á tó ogójì. Àwa méjì péré ni. Ọmọ Ghana kọ̀ kí wọ́n ya òun, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yí èmi nìkan síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Òrùka tí mo ń wí, ó lórúkọ. Lọ́dún 2005 ni wọ́n dá Athena SWAN sílẹ̀ ní Ìlú Ọba, òrìṣà àwọn ará Gíríìsì kan pẹ̀lú ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn kan, láti fi yẹ́ àwọn yunifásítì tó bá ń gbé àwọn obìnrin sáyẹ́ǹsì ga sí. Idẹ ló ṣáájú, fàdákà tẹ̀ lé e, wúrà ló kẹ́yìn. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ò kọ́kọ́ fi bẹ́ẹ̀ kà á kún. Nígbà tó di 2011, Sally Davies, ọ̀gá àgbà fún àwọn dókítà ìjọba, sọ pé ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí kò bá ní fàdákà, kó má retí pé orúkọ òun á wà lára àwọn tí ìjọba máa yẹ̀ wò fún owó ìwádìí ńlá kan. Háà! Àwọn tí kò mọ iye obìnrin tó wà lọ́dọ̀ wọn lánàá bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n bí ẹni ń ka owó. Mo júbà obìnrin yẹn. Ó mọ̀ pé inú àpò ni etí wọn wà. Ní 2020 ni wọ́n fa òfin náà tu, wọ́n ní ìwé kíkọ ti pọ̀ jù.

Ìwé kíkọ náà sì pọ̀ lóòótọ́. Èmi ni mo kọ tiwa. Òru ni mo fi kọ ọ́, pẹ̀lú àwọn obìnrin mẹ́fà yòókù: iye ẹni tó wáṣẹ́, iye ẹni tí wọ́n pè, iye ẹni tí wọ́n gbà, iye ẹni tó bínú lọ. Lọ́dún yẹn, ìwé ìwádìí kan ò jáde lọ́wọ́ mi. Fàdákà dé. Mo béèrè fún ìgbéga, wọ́n fèsì pé iṣẹ́ ìwádìí mi fà sẹ́yìn díẹ̀ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ẹni tó buwọ́ lu lẹ́tà náà ló di fàdákà mú nínú fọ́tò. Wọ́n ní kí n sún sẹ́yìn díẹ̀, mo ń dí iná.

Wọ́n kan fàdákà náà mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ìyá Ìjẹ̀bú kan wà tó máa ń gbálẹ̀ àjà wa kí aago mẹ́fà ìdájí tó lù. Mo bá a níbẹ̀ lárọ̀ọ́ ọjọ́ kan, àkísà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà."

"Káàárọ̀, Dókítà mi. Kí lèyí tí wọ́n kàn mọ́ ògiri yìí? Ó ń gba eruku."

"Àmì ẹ̀yẹ ni mà. Wọ́n fi ń sọ pé gbogbo wa la jọ ń jẹ nínú ilé yìí."

Ó nù ún, ó tún nù ún. "Ṣé mo wà nínú ẹ̀?"

Kò sí níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ló gbà á síṣẹ́ tó ń rán an wá bá wa, nítorí náà, nínú òǹkà òṣìṣẹ́ tí mo fọwọ́ ara mi kọ, kò sí ẹnì kan tó ń gbálẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní, "Kò burú, ọmọ mi. Ìka ò kúkú dọ́gba." Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo ní màá débẹ̀ nìyẹn. Ojú tì mí débi pé mo gba àkísà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbà á padà, ó ní mi ò mọ̀ ọ́n nù.

Ẹnikẹ́ni má rò pé eré ọ́fíìsì lásán ni mo ń sọ. Ẹ̀rọ kan wà tí nọ́ọ̀sì máa ń kì bọ ìka aláìsàn bí òrùka láti mọ̀ bóyá atẹ́gùn ọ́síjìn tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló ń tàn gba inú ìka kọjá. Dúdú ara a máa gbà lára ìmọ́lẹ̀ náà, nǹkan tí ẹ̀rọ á kà á sì yí padà. Amal Jubran àti Martin Tobin ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1990 pé kò ka ti èèyàn dúdú dáadáa. Ọgbọ̀n ọdún kọjá. Kòrónà dé, ìka tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀rọ náà ò lóǹkà mọ́. Ní ìparí 2020, Michael Sjoding àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Michigan gbé e jáde: níbi tí ẹ̀rọ ti ní kò séwu, ẹ̀jẹ̀ gan-an ní ewu ń bẹ, ó ṣẹlẹ̀ nígbà 11.7 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn dúdú, nígbà 3.6 fún àwọn funfun. Ìka ta ni wọ́n fi dán an wò? Ìlànà tí àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ ní 2013 ní kí wọ́n lo èèyàn mẹ́wàá ó kéré tán, kí méjì dúdú nínú wọn. Méjì! Bíi tèmi àti ọmọ Ghana.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi yìí ò dúró de òrùka kankan. Nancy Hopkins ni, onímọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ó ń wá ààyè díẹ̀ sí i nínú láàbù láti sin ẹja abilà wẹ́wẹ́ tó fi ń ṣe ìwádìí. Wọn ò fún un. Ó ní ààyè òun kéré sí tàwọn ọkùnrin, wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀. Kò bá wọn jiyàn. Ó mú téèpù ìwọnlẹ̀, ó di alẹ́, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ilẹ̀ láàbù kọ̀ọ̀kan nínú ilé náà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀: ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pàápàá ní ààyè jù ú lọ. Ó wá àwọn obìnrin yòókù kàn. Ní 1994, àwọn obìnrin tí iṣẹ́ wọn ti fìdí múlẹ̀ ní ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì MIT jẹ́ 15, ọkùnrin, 194. Ìwé ìwádìí wọn jáde ní 1999, Charles Vest tó jẹ́ ààrẹ yunifásítì náà sì fẹnu ara rẹ̀ gbà á ní gbangba pé òótọ́ ni. Wọ́n tún owó oṣù ṣe, wọ́n fi ààyè kún ààyè. Téèpù ni o. Kò sí fọ́tò, kò sí omi aró.

Àbí Jocelyn Bell Burnell, tó rí àwọn ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní pulsar ní 1967, tí ọ̀gá rẹ̀ lọ gba ẹ̀bùn Nobel lé e lórí ní 1974? Nígbà tí wọ́n wá fún un ní mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là ní 2018, ó kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn tí kì í sábà rí àyè fi kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì dé ìpele ọ̀mọ̀wé. Owó ló fi sọ̀rọ̀.

Òrùka kì í sì í ṣòroó bọ́. Ní oṣù kìíní 2025 tí Trump buwọ́ lu ìwé pé kí irú iṣẹ́ EDI yìí dópin ní ìjọba Amẹ́ríkà, àwọn ilé ìwádìí kan pa ojú-ìwé tiwọn rẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹ̀yin tó wà nílé, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. 1977 ni wọ́n dá Nigerian Academy of Science sílẹ̀; 2021 ni Ekanem Braide di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ ààrẹ rẹ̀. Àwa náà mọ̀ ọ́n wá.

Ìpàdé wa tó ń bọ̀, Ọjọ́bọ̀ ni, aago mẹ́rin ààbọ̀. Bí a ṣe máa rí wúrà gbà ni wọ́n fẹ́ jíròrò. Mo ti kọ̀wé sí wọn pé mi ò ní lè wá. Mo ra téèpù oní-mítà márùn-ún ní Peckham. Ìyá Ìjẹ̀bú ní káàdì tó ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn ilé náà, torí pé kò sí yàrá tí kì í gbá. A ti fi àdéhùn sí aago márùn-ún ìdájí. Ó ní òun á bá mi di orí téèpù mú, ṣùgbọ́n kí n bọ́ bàtà, òun ò fẹ́ ẹrẹ̀ lórí ilẹ̀ tóun ṣẹ̀ṣẹ̀ nù.