Wọ́n Ní Kí Tísà Kúnlẹ̀

Ẹ sún mọ́bí, ọ̀rọ̀ yìí kò gba ariwo. N ò ní dárúkọ ilé-ìwé náà. Ilé-ìwé aládàáni ni, wọ́n kọ "International" gàdàgbà sára géètì, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ọjà ló wà. Ẹni tó bá mọ̀ ti mọ̀.

Ọmọkùnrin kan ní JSS 2 ni kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Tísà ìṣirò bi í léèrè. Ọmọ ọdún méjìlá, tí wọ́n ṣì ń bá fọ ṣòkòtò, wo tísà lójú, ó ní bàbá òun ló ń san owó oṣù rẹ̀. Òyìnbó ló fi sọ ọ́ o, torí owó ìtanràn ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá níbẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ lóyìnbó, ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ ní ẹ ǹ lẹ́.

Tísà ò nà án. Ó kàn ní kó bọ́ síta ni. Kí aago méjì tó lù, ìyá ọmọ ti já jíìpù wọlé, ó ti tú gèlè so mọ́ ìdí. Mọ́mì oníléèwé, tó yẹ kó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, òun ló tún ń bẹ̀bẹ̀: "Ẹ má bínú, mà, ẹ má bínú." Ó ránṣẹ́ pe tísà sí ọ́fíìsì, ó ní kó kúnlẹ̀. Kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀ ọkùnrin o. Ìkúnlẹ̀ tí wọ́n fi ń jẹ ọmọ ilé-ìwé níyà ni. Bàbá ọlọ́mọ tó ti lé lógójì ọdún kúnlẹ̀, ọmọ náà dúró níbẹ̀, ó ń mu jùùsì. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu géètì ló rí i lójú fèrèsé, òun ló sọ fún wa. Ìyẹn kì í purọ́, àsọdùn díẹ̀ nìkan ló ní. Háà! Ojú wa mà rí nǹkan ládùúgbò yìí.

Ẹ ń sọ pé kí ló dé tí kò dìde kó máa lọ. Ṣé ẹ mọ iye tó ń gbà? Láti 2024 ni òfin ti ní kí owó oṣù má ṣe dín ní ₦70,000, ṣùgbọ́n òfin owó oṣù yìí kò mú ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá pé 25. Àwọn oníléèwé kan mọ ìṣirò yẹn ju tísà ìṣirò lọ. Tí òṣìṣẹ́ bá ti ń sún mọ́ iye yẹn, wọn kì í gba ẹnikẹ́ni mọ́. Tísà kan ṣoṣo á wá máa kọ́ ìṣirò, físíìsì àti iṣẹ́ ọ̀gbìn. Tó bá di oṣù kẹjọ tí ọmọ bá wà nílé, owó oṣù náà á jókòó sílé. Owó lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ ni ọkùnrin yẹn fi ń jẹun. Ta ló sì ń san án jù? Ìyá ọmọ yìí kan náà.

Kẹ́ ẹ má baà káàánú tísà jù ṣá, ẹ gbọ́ èyí. Kérésìmesì tó kọjá, àpò ìrẹsì kan ti ilé ìyá yẹn wọlé tísà. Ní sáà ọ̀hún, ọmọ tí kò mọ ẹẹ́jọ lọ́nà méje ló gbé ipò kejì. Ẹni tó ti gba ìrẹsì, ẹnu wo ló fẹ́ fi bá ọmọ wí?

Àwọn SS3 ńkọ́? Tí WAEC bá ti ń sún mọ́lé, ẹ ó máa rí àwọn ọmọ tí a ò mọ̀ rí nínú yúnífọ́ọ̀mù ibẹ̀, ìlú mìíràn ni wọ́n ti wá, owó tí wọ́n sì ń san ju ti ọmọ onílé lọ fíìfíì. Mọ́mì ní owó "ìfọwọ́sowọ́pọ̀" ni. Ṣíọ̀! Mọ́mì yìí kan náà ló ń gbàdúrà gígùn lórí pápá láràárọ̀. Àwọn àgbà rántí Expo 77, nígbà tí ìdánwò WAEC jò. Ní 1984 ìjọba ológun wá ṣe òfin ẹ̀wọ̀n ọdún 21 fún irú ìwà bẹ́ẹ̀. Òfin 1999 dín in kù, ọkàn àwọn oníṣẹ́ ibi sì balẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ìjà ni wọ́n fi gba àyè fún ilé-ìwé aládàáni o. Ní 1980, ìjọba Gómìnà Jakande fẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni kásẹ̀ nílẹ̀ l'Ékòó. Okogie, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìjọ Àgùdà, àti àwọn yòókù gbé ìjọba lọ sí kóòtù kí àwọn náà lè máa kọ́ ọmọ lọ. Ṣé kíkọ́ ọmọ lẹ ń pe ti Mọ́mì yìí?

Sáà tuntun yìí, ọmọ náà ni wọ́n fi ṣe olórí kíláàsì. Ẹ̀yin tí ẹ ti ra fọ́ọ̀mù wọn fún oṣù kẹsàn-án, owó yín ni, ọmọ yín ni. Kẹ́ ẹ má ṣáà wá sọ pé ẹnikẹ́ni ò kìlọ̀ fún yín.