Ẹja Tí Kò Sùn

Bí ẹja bá sùn, ẹja á fi ẹja jẹ. Òwe yìí ti pẹ́ lẹ́nu àwọn àgbà, ṣùgbọ́n láyé tiwọn, ẹni tó bá pa á fún ọ kì í fi nọ́ńbà àkáǹtì tì í lẹ́yìn. Lóde òní, tó o bá ti gbọ́ ọ, di àpò rẹ mú. Ẹni tó fẹ́ ta ilẹ̀ inú irà fún ọ, òun ló máa fi ṣíde. Ẹni tó ní kó o mú owó wá kó lè di ìlọ́po méjì lọ́sẹ̀ méjì, òun náà ni. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, nínú gbọ̀ngàn kan ní Ìkòròdú, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù nínú ooru oṣù kẹta gbé makirofóònù, ó pa òwe náà lẹ́ẹ̀mẹta, àwa náà sì ń bá a parí rẹ̀ bí ọmọ jéléósinmi: "Bí ẹja bá sùn?" "Ẹja á fi ẹja jẹ!" Ó ní àwa tá à ń retí owó oṣù là ń sùn. Ó ní ẹ̀yìnkùlé tí a fi ń sá aṣọ, owó ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀ tó ń pè wá. Nígbà tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, lọ́fíńdà nìkan ló ń rùn lára rẹ̀. Ó yẹ kí ìyẹn ta mí lólobó pé ọwọ́ rẹ̀ kò kan ẹja rí. Ṣùgbọ́n èmi náà kò fẹ́ kí wọ́n bá mi lójú oorun. Mo sanwó.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, ọ̀rọ̀ ẹja sísìn kì í ṣe irọ́. Oníkàn, níhìn-ín l'Ékòó, ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi dánra wò ní Nàìjíríà, ní 1951. Lónìí, kò sí orílẹ̀-èdè kan nílẹ̀ Áfíríkà tó ń sin ẹja àrọ̀ tó wa. Ìjọba Èkó dá ọgbà ẹja sílẹ̀ sí Odòńgúnyán, kò sì sí àdúgbò kan ní Ìkòròdú tí o máa dé tí o kò ní rí ẹni tó gbẹ́ ọ̀gbun sẹ́yìn ilé. Àrọ̀ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹja alákẹ́jù. Ohun kan wà nínú orí rẹ̀ tó pẹ̀ka wẹ́wẹ́ bí igi, òun ló fi ń mí atẹ́gùn ojú omi bí èmi àti ìwọ. Bí omi bá dọ̀tí, yóò yọ ẹnu sókè, yóò mí, yóò padà sísàlẹ̀. Ẹja tí a lè fi sínú ike, sínú tapólì, sínú kòtò, kí ló kù tí mo tún fẹ́ kọ́?

Símẹ́ńtì ló kù. Bíríkìlà parí iṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, mo da omi sí i lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo kó 300 ọmọ ẹja sí i lọ́jọ́ Àìkú, a sì gbàdúrà sí i. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, gbogbo wọn ti léfòó, ikùn wọn funfun báláú. Símẹ́ńtì tuntun máa ń tú oró sínú omi, omi náà á sì máa jó ẹja bí ọṣẹ ṣe ń jó ojú. Ẹni tó mọ̀ ọ́n máa ń fi omi rẹ ọ̀gbun tuntun fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, á gé ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú rẹ̀, á dà á nù, á tún fi omíràn rẹ ẹ́. Àwọn àgbà ní ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò tó ohun tí à ń pọ́n àdá sí; wọn ò tíì rí pọ́ńdì mi nígbà yẹn. Ọkùnrin oníkóòtù kò sọ èyí fún wa. Ó sì lè jẹ́ pé ó sọ ọ́, àmọ́ mo ti sùn lọ.

Ẹ̀ẹ̀kejì, 400 ni mo rà, omi sì ti jinná dáadáa. Ní ìdájí, kí n tó jáde lọ síbi iṣẹ́, n ó dúró sí etí ọ̀gbun, àwọn ẹja á sì máa yọ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo pe àwọn ọmọ mi wá wò ó. Mo ní, "Ẹ ò rí i, wọ́n ń kí Dádì." Àṣé èémí ni wọ́n wá mí.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí ọ̀rọ̀ ìdájí yẹn díẹ̀. Ta ló ń sùn ní Ìkòròdú? Ní aago mẹ́rin àbọ̀, èrò ti tò gbọọrọ ní ibùdókọ̀. Ọkọ̀ BRT tó wọ ìlú wa ní 2015 kò dá oorun ẹnikẹ́ni padà, ńṣe ló fún wa ní ìjókòó tí a ti ń tògbé. A ń kúrò nílé nígbà tí àkùkọ ṣì ń ro ó bóyá kí òun kọ, a ń padà dé nígbà tí àwọn ọmọ ti sùn. Bó bá jẹ́ pé àìsùn ló ń sọ ẹja di ńlá, ó yẹ kí Ìkòròdú ti gbé gbogbo Èkó mì.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo fọ ọ̀gbun, mo ka ẹja. Wọ́n jẹ́ 261. Mo tún un kà. Wọn kò léfòó, mi ò rí òkú kankan, àwọ̀n sì wà lójú ọ̀gbun. Mo kọ́kọ́ fura sí olóńgbò ilé kejì. Lẹ́yìn náà, kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo fura sí ọmọ tó ń bá wa gbálẹ̀. Nígbà tó yá, mo gbé tọ́ọ̀ṣì, mo lọ lúgọ sí ẹ̀yìnkùlé ara mi lóru bí olè.

Àrọ̀ kì í sùn lóru. Òru gan-an ló fi ń jẹ̀. Omi tó dákẹ́ rọ́rọ́ lọ́sàn-án ń hó bí ìkòkò ọbẹ̀. Mo tan iná sí i, mo sì rí ọ̀kan tó gùn tó ìka àárín mi, ìrù ẹja mìíràn yọ lẹ́nu rẹ̀. Èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ kò sùn. Mo rí i. Ìrù rẹ̀ ṣì ń jà.

Ọjọ́ kan náà ni wọ́n pa wọ́n, ìyá kan náà ló yé wọn. Ọ̀kan ṣe kòńgẹ́ oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì ju èkejì lọ, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ ju orí ọmọ ìyá rẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bó bá ti gbé ọ̀kan mì, yóò tún sanra sí i, ọ̀la ni yóò gbé méjì. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ń pè é ní ṣúùtà. Wọn kì í wàásù fún ìyókù pé kí wọ́n má sùn. Ńṣe ni wọ́n ń ṣà wọ́n: lọ́sẹ̀ kan tàbí méjì, wọ́n á kó gbogbo wọn síta, ńlá sínú ike yìí, kékeré sínú ike yẹn, kí ẹlẹ́gbẹ́ lè máa bá ẹlẹ́gbẹ́ gbé. Láti ọjọ́ náà ni òwe yẹn ti ń hun mí nínú. Ìgbà wo la tiẹ̀ bi ẹja tí wọ́n jẹ bóyá ó sùn? Ẹja tó wà láàyè ló ń ròyìn, ikùn rẹ̀ sì kún.

Ó wá kan oúnjẹ. Kí àrọ̀ kan tó tẹ̀wọ̀n kílò kan, ó gbọ́dọ̀ ti jẹ oúnjẹ kílò kan àti díẹ̀, bóyá fún oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà, oúnjẹ yìí sì lè kó ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo owó tí olóko ná. Ibo ló ti ń wá? Ọmọ àrọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, kòkòrò omi wẹ́wẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Artemia ni wọ́n fi ń bọ́ ọ. Inú agolo ni ẹyin rẹ̀ ń gbà wọlé, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ń wá láti inú adágún oníyọ̀ ńlá ti Utah, l'Amẹ́ríkà. Nígbà tó bá dàgbà díẹ̀, a ó ra èyí tó wá láti Nẹ́dálándì fún un. Ẹja Ìkòròdú nìyẹn o! Èmi tí mo bí ọmọ mẹ́ta kò tíì fún ọ̀kan nínú wọn ní oúnjẹ ilẹ̀ òkèèrè tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2023, ìjọba tú náírà sílẹ̀ lórí ọjà pàṣípààrọ̀, bí náírà ṣe ń wálẹ̀ ni àpò oúnjẹ ẹja ń gòkè. Mi ò sùn lọ́jọ́ náà. Aago mẹ́rin àbọ̀ ni mo jí.

Òjò kan wá rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù keje. Omi kún ọ̀gbun, ó kún àkúnya, àwọ̀n sì ti ya ní igun kan. Àrọ̀ lè fi lẹbẹ rìn lórí ilẹ̀ tútù bí ẹni tó ń rákò lọ sílé àna, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe. Mi ò mọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Ìyá Ìbejì tó wà nílé kejì gbé abọ́ ọbẹ̀ ata wá fún wa, ó ní Ọlọ́run fi ẹja ta òun lọ́rẹ nínú àgbàlá. A bá a yọ̀. A jẹ ẹ́, a lá ọwọ́. Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó lọ ka ẹja mi.

Àwọn tó gbọ́n jù mí lọ kò dá a ṣe. Ní Eriwe, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn olùsìn ẹja kóra jọ sí abúlé ẹja kan, ọ̀gbun sí ọ̀gbun, kí ó má baà jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló máa kojú ẹni tó wá rà. Èmi nìkan ni mo kojú tèmi. Alájàpá dé, ó tẹ ikùn ẹja bíi dókítà, ó ní àkókò yìí ọjà kò yá. Ìwọ̀n tó gbé wá, Ọlọ́run nìkan ló mọ àdéhùn tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Mo bínú, mo ní n kò tà á mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tó mọ ohun gbogbo bá ní kí n gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́, pé ibẹ̀ ni ọjà ẹja wà.

Mo gbé ẹja lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ìlú tó jókòó sí etí ọ̀sà, tí wọ́n gbẹ́ ère ẹja méjì sí oríta rẹ̀ kí àlejò má baà ṣi ọ̀nà, ibẹ̀ ni mo gbé ẹja lọ nínú ike. Ní ọjà Olúwo, epìyà, ọ̀bọ̀kún àti akàn wà nílẹ̀ lọ títí. Màmá kan wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Ọmọ mi, Ìkòròdú lo ti gbé ẹja wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Inú ọ̀sà lo ti pa á ni?"

"Rárá o, Mà. Èmi ni mo sìn ín."

"O sìn ín?" Ó pe ẹnì kejì rẹ̀ kó wá gbọ́. "Ó sìn ín lóòótọ́. Ẹ wo bí ẹja ṣe sanra, kí ẹ wá wo ìránṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe rù."

Ó ṣàánú mi, ó rà á. Iye tó san, mi ò ní tẹ̀ ẹ́ síbí nítorí ìyàwó mi máa ń ka ìwé yìí. Bí mo ṣe ń darí lọ sílé, Ọba Kòsọ́kọ́ ló ń wá sí mi lọ́kàn. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá lé e kúrò lórí oyè Èkó ní 1851, Ẹ̀pẹ́ yìí náà ló sá wá, ibẹ̀ ló sì wà títí di 1862. Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi nípa ọkùnrin náà, rere àti búburú. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ó sùn.

Ọ̀kan ṣoṣo ló kù nínú ọ̀gbun báyìí. Ṣúùtà yẹn ni. Mo mọ̀ ọ́n lójú. Ó ti gùn tó apá mi, a kò lè tà á, a kò lè pa á. Àwọn ọmọ ti fún un lórúkọ, wọ́n ń pè é ní Ọ̀gá. Mo dúró tì í lánàá ni fóònù mi dún. Ọkùnrin oníkóòtù ni, lórí WhatsApp. Ìgbín sísìn ló ń kọ́ àwọn èèyàn báyìí. Ó ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ìgbín fi ń gun igi, kí a má ṣe kánjú láyé. Ó ní kí n tètè sanwó kó tó di ọjọ́ Ẹtì, nítorí ìjókòó ti fẹ́ẹ̀ tán.