Ẹnjiníà Tó Ń Ka Ẹṣin

Kò sí ọgbà tí wọ́n ti ń ta katapílà tòkunbọ̀ láàárín Èkó àti Ìbàdàn tí ẹ ò ní í bá a níbẹ̀. Ṣòkòtò kákí, bàtà tí ẹrẹ̀ kò kàn rí, ìwé kan lábẹ́ abíyá, fóònù méjì lọ́wọ́. Ẹnjiníà ni wọ́n ń pè é. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ilé ìwé tó ti kọ́ ọ.

Gọ́tà tí kò jìn ju mítà kan lọ ló fẹ́ gbẹ́ ládùúgbò. Oṣù kẹrin rèé tó ti ń wá ẹ̀rọ tí yóò gbẹ́ ẹ.

Ó ti wá ku méjì báyìí: Caterpillar 320D àti Komatsu PC200-8. Ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ náà mọ̀ pé ojúgbà ni wọ́n; bíi tọ́ọ̀nù 20 ni kálukú wọn wọ̀n, orúkọ wọn gan-an ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnjiníà kò gbà. Ó ní ti Komatsu ń gbẹ́lẹ̀ dé mítà 6.62, ti Caterpillar dé 6.72. Sẹ̀ǹtímítà 10! Ó fi báírò pupa fàlà sí i nídìí. (Gọ́tà mítà kan ni o.) Ṣùgbọ́n agbára ẹṣin 148 ni Komatsu ní, 138 ni ti èkejì. Ó wá ń ṣọ̀fọ̀ ẹṣin 10, àfi bí ẹni pé Ojúde Ọba ló fẹ́ gbé katapílà lọ.

"Ẹnjiníà, ẹ wá wo ẹsẹ̀ ẹ̀rọ yìí," ni bàbá mẹkáníìkì tó wà lọ́gbà wí.

Bàbá náà kò mọ iye ẹṣin kankan. Ó fi òòlù kan ṣéènì, ó mi róòlà, ó tọ́ka sí eyín irin tó ń yí ṣéènì, tó ti ṣóńṣó bí ẹnu abẹ́rẹ́. Ibẹ̀ lowó ń gbà lọ: ẹsẹ̀ yìí nìkan lè gbé bí ìdajì owó àtúnṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n ṣí ìdérí ọ́ìlì nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́. Èéfín tó bá tú jáde níbẹ̀ á sọ ohun tí mítà wákàtí kì í sọ. 4,100 ni mítà kà. Ìjókòó dẹ́rẹ́bà ti ya dé fóòmù, pẹ́dà ti jẹ dan bíi dígí. Ní wákàtí 4,100, àbí eku ló ń wà á lóru?

"Bàbá, ẹ má bínú, n ò tíì dé ibẹ̀. Iye lítà ọ́ìlì tí pọ́ǹpù ń tì ní ìṣẹ́jú kan ni mo ṣì ń wò."

Ó kọ 4,100 sílẹ̀, ó fàlà sí i nídìí. Owó lóbẹ́ẹ̀dì tí yóò gbé ẹ̀rọ délé kò sí nínú ìwé. Dísù kò sí níbẹ̀. Ọ̀pùrétọ̀, ẹni tó lè sọ ẹ̀rọ gidi di àlòkù láàárín oṣù mẹ́ta, kò tilẹ̀ ní ìlà kan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, onílé kan tí òjò ti wọ yàrá rẹ̀ lọ háyà JCB ẹlẹ́sẹ̀ táyà fún ọjọ́ kan. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gọ́tà ti parí. Ibi tí wọ́n ti ń fọ ẹrẹ̀ kúrò lára ẹ̀rọ ni Ẹnjiníà bá wọn. Ó wo gọ́tà, ó wo JCB, ó ṣí ìwé.

"Dẹ́rẹ́bà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹṣin mélòó ló wà nínú eléyìí?"