Ìjàpá Kọ́ Àká Ọgbọ́n

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo, ó kan Ehoro lára, ó sì já sí ààfin Kìnnìún.

Ẹ ti gbọ́ ti akèrègbè tí Ìjàpá kó gbogbo ọgbọ́n ayé sí, tó gbé e kọ́ àyà, tí kò fi lè gun igi. Èyí kọ́ nìyẹn o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí akèrègbè fọ́ ni mo fẹ́ pa. Ìjàpá jókòó ti àfọ́kù, ó káwọ́ lérí. Yánníbo bi í pé kí ló ń rò.

Ó ní, "Àṣìṣe mi ni. Èmi ni mo wá ọgbọ́n kiri, èmi ni mo rù ú, èmi náà ni mo tún fẹ́ gun igi. Kí ló dé tí mo ń ṣe làálàá nílùú tí ọlọ́gbọ́n kún fọ́fọ́?"

Bó ṣe kọ́ àká ńlá kan sí oríta nìyẹn. Ó ní kí ẹranko tó bá rí ohun tuntun dì í sínú àdó, kó gbé e wá; òun á kọ orúkọ onítọ̀hún sí i lára, gbogbo igbó á sì mọ̀ ọ́n. Inú àwọn ẹranko dùn, wọn ò sì gọ̀. Àká yìí ni jọ́nà àwọn onímọ̀, kò sì kúkú fi èrú bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Henry Oldenburg gbé Philosophical Transactions jáde ní London lọ́dún 1665, ìròyìn ohun tí olúkúlùkù rí ló fẹ́ kó tàn kálẹ̀, èrè tó rí níbẹ̀ kò sì tó nǹkan. Àfìgbà tí Ìjàpá gbóòórùn oyin. Lọ́dún 1951 ni Pergamon Press, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ jọ́nà, bọ́ sọ́wọ́ Robert Maxwell; nígbà tó fi máa tà á fún Elsevier, ilé iṣẹ́ bíi tirẹ̀, lọ́dún 1991, mílíọ̀nù 440 pọ́ùn ni wọ́n kà sí i lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká padà sí oríta.

Ehoro fi ọdún mẹ́ta wá egbò tó ń lé ibà. Owó orí tí gbogbo ẹranko ń san sí ààfin ni wọ́n fi bọ́ ọ ní gbogbo ìgbà yẹn. Ó dì í sínú àdó, ó gbé e tọ Ìjàpá lọ. Ìjàpá ò wò ó rárá, ó gbé e fún Òwìwí: "Ìyá wa, ẹ bá wa yẹ̀ ẹ́ wò, ojú yín ló ń ríran lóru." Òwìwí gbé e délé. Àtùpà tirẹ̀ ló tàn, epo tó fowó ara rẹ̀ rà ló wà níbẹ̀, òru mẹ́ta ni kò fi lè jáde ṣọdẹ eku. Ó tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù, ó ní egbò keje ti pọ̀ jù, kí Ehoro lọ tún un sè. Ehoro tún un sè. Nígbà tí Òwìwí dá àdó padà, Ìjàpá ní, "Ẹ ṣeun, Mà." Owó iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. N kò tíì rí alátẹ tó ń gba "ẹ ṣeun" kó fi wọn epo.

Ìjàpá wá fi ìda dí ẹnu àdó, ó tẹ òǹtẹ̀ rẹ̀ sí ìda, ó ní kí Ehoro tẹ̀ka sí ewé kan. Ehoro ò kà á. Ta ní í kà á?

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ibà kọlu ọmọ Ehoro. Iye egbò tó yẹ kó sè ti fò lọ lórí rẹ̀, ló bá sáré gba oríta lọ.

"Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n Ìjàpá. Àdó mi ni mo fẹ́ wò."

"Àdó ta?"

"Tèmi tí mo gbé wá."

Ìjàpá wọlé, ó mú ewé jáde, ó nà án sí i. "Ìka ta nìyí? Àdó ti di tèmi; sanwó kí o tó wò ó."

Ehoro wo ewé, ó wo ìka rẹ̀. Ìka rẹ̀ ni. Ló bá figbe orin ta:

Lílé: Ìjàpá, ṣílẹ̀kùn fún mi o
Ègbè: Kọ́kọ́rọ́ dà?
Lílé: Èmi ló roko, èmi ló kọbè
Ègbè: Kọ́kọ́rọ́ dà?
Lílé: Òwìwí tànná, kò gba kọ́bọ̀
Ègbè: Kọ́kọ́rọ́ dà?
Lílé: O ní n sanwó kí n fojú kàn án
Ègbè: Kọ́kọ́rọ́ dà?

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbè é, ẹ má rò pé mo fi iyọ̀ sí i. Ẹni tó bá dúró lẹ́nu irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ lónìí, tó fẹ́ wo àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo, owó tí wọ́n ń bi í sábà máa ń lé ní dọ́là 30.

Ehoro ni mẹ̀kúnnù, ẹ lè sọ pé òṣì ló ń pariwo. Erin náà pariwo. Lóṣù kẹrin ọdún 2012, Harvard, yunifásítì tó lówó jù láyé, kọ̀wé sí àwọn olùkọ́ rẹ̀ pé owó jọ́nà tí ilé ìkàwé àwọn ń san fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 3.75 dọ́là lọ́dún, pé jọ́nà kan wà tí òun nìkan ń gba 40,000 dọ́là, pé apá àwọn ò ká a mọ́. Bí Erin bá ní ẹrù wúwo, kí ni kí Ehoro wí?

Òkété ò dúró wí nǹkan kan. Ó gbẹ́ ihò wọ àká láti ẹ̀yìnkùlé, ó ń kó àdó jáde, kò gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Alexandra Elbakyan, ọmọ Kazakhstan, ni Òkété yìí. Ìkànnì Sci-Hub ni ihò rẹ̀, ọdún 2011 ló gbẹ́ ẹ. Lọ́dún 2017, ilé ẹjọ́ kan ní New York ní kó san mílíọ̀nù 15 dọ́là fún Elsevier. Lọ́sàn-án, gbogbo ẹranko ń bú Òkété lólè. Lóru, bí ẹ bá tan iná sí ẹ̀yìn àká, ẹ ó rí bí wọ́n ṣe tò, ẹ ó rí Ìyá Òwìwí gan-an láàárín wọn, tó fi gèlè bojú.

Àwọn àgbà ẹranko ti ṣèpàdé tipẹ́, kí Òkété tó gbẹ́lẹ̀ rárá. Budapest ni wọ́n ti pàdé lóṣù kejìlá ọdún 2001, wọ́n sì ké gbàjarè síta lóṣù kejì ọdún 2002: kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kà. Ìjàpá kọ́kọ́ fajú ro. Nígbà tó yá, ó ní òun gbà. Ó gbà wọ́ọ́rọ́wọ́, ó tilẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ilẹ̀kùn. Àwọn ẹranko bẹ́ sí ijó. Èmi ì bá má jó. Ìgbà wo ni Ìjàpá gba nǹkan wọ́ọ́rọ́wọ́ rí?

Ehoro gbé àdó kejì dé, ó bá Ìjàpá lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. "Wíwò ti dọ̀fẹ́ o, ọmọ mi," ni Ìjàpá wí. "Gbígbé wọlé ló lówó báyìí." Ehoro béèrè iye rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ọ, etí rẹ̀ méjèèjì wó lulẹ̀. Lóṣù kìíní ọdún 2021, ẹni tó bá fẹ́ kí jọ́nà Nature ṣí ilẹ̀kùn lọ́fẹ̀ẹ́ sí iṣẹ́ tirẹ̀, 9,500 yúrò ni wọ́n dá lé e lórí. Ẹ bá mi ṣẹ́ ẹ sí náírà kí ẹ tó sùn, bí oorun bá máa wá.

Lílé: Wọ́n ní ilẹ̀kùn ti ṣí o
Ègbè: Kọ́kọ́rọ́ dà?
Lílé: Ẹni tó fẹ́ wò ti wọlé
Ègbè: Kọ́kọ́rọ́ dà?
Lílé: Ẹni tó roko wà níta
Ègbè: Kọ́kọ́rọ́ dà?

Níbi tí Ehoro ti ń kọrin ni Ọ̀bọ ti gbọ́. Ó fi imọ̀ ọ̀pẹ na àká tirẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta, ó fi amọ̀ ṣe òǹtẹ̀, ó ránṣẹ́: "Sí Ọ̀jọ̀gbọ́n Àgbà, Ẹni Iyì, Ehoro Elétí Gígùn, a ti ka iṣẹ́ ribiribi yín, à ń retí òmíràn." Ehoro ò tíì di ọ̀jọ̀gbọ́n, kò sì sí ẹni tó ka nǹkan kan. Ó fi ìwé náà dáná. Ìgalà ò dáná ní tirẹ̀. Omi lásán ló pọn sínú àdó, ó sanwó fún Ọ̀bọ, Ọ̀bọ sì gbà á kí Ìgalà tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìgalà pọ̀ ní yunifásítì wa, èmi ò ní dárúkọ.

Ẹ lè bi mí pé kí ló ń lé àwọn ẹranko lọ sí oríta ná. Oyè ni. Ní ààfin Kìnnìún, ẹni tó bá fẹ́ joyè á kó àdó rẹ̀ síwájú ìgbìmọ̀. Wọn kì í ṣí àdó. Akọ̀wé á fọwọ́ yí i po, á wo òǹtẹ̀ ara ìda, á máa kà: "Ìda òkèèrè, mẹ́ta. Ìda ilé, méjì. Ẹ gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan." Yunifásítì wa mélòó ni kì í bi olùkọ́ léèrè pé mélòó nínú iṣẹ́ rẹ̀ ló jáde ní òkè òkun, kó tó gbé e ga? Kọ́kọ́rọ́ tí a ti ń bi Ìjàpá láti ìrọ̀lẹ́, àpò akọ̀wé ààfin ló wà.

Àdàbà pa àtíbàbà kan tí kò ní ilẹ̀kùn, tí kò gbowó wíwò, tí kò gbowó gbígbé wọlé. Ìlú ló ń dáwó epo. Ní Brazil, owó ìjọba ni wọ́n fi gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ lọ́dún 1998, SciELO lorúkọ rẹ̀. Ìyá Òwìwí bínú lọ́jọ́ kan, ó kó gbogbo ẹbí rẹ̀, wọ́n gbé àtùpà, wọ́n fi oríta sílẹ̀ lọ bá Àdàbà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn olóòtú Lingua, jọ́nà ìmọ̀ èdè tó jẹ́ ti Elsevier, ṣe fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2015, tí wọ́n lọ dá Glossa sílẹ̀. Ìjàpá ò sáré tẹ̀ lé wọn. Kò pẹ́ tó fi wá òwìwí mìíràn. Orúkọ àká tirẹ̀ ni, òǹtẹ̀ tirẹ̀ ni, ohun tí ààfin sì ń kà nìyẹn.

Abẹ́ àtíbàbà yìí ni Ehoro gbé àdó kejì rẹ̀ sí, egbò ibà mìíràn ló sì wà nínú rẹ̀. Kò pẹ́, ibà mú ọmọ Kìnnìún. Ìránṣẹ́ ààfin sáré lọ, kò bá ilẹ̀kùn níbẹ̀, ó wo inú àdó, ó ka egbò, ó lọ sè é. Ọjọ́ kẹta, ọmọ ọba ń ta ayò.

Ọjọ́ ìfinijoyè kò. Akọ̀wé yí àdó Ehoro po títí.

"Iṣẹ́ yìí dára. Ọmọ Kábíyèsí mu ún. Ṣùgbọ́n ìda dà?"

"Kò ní ìda, sà. Ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni."

"Padà wá lẹ́ẹ̀mìíràn."

Kábíyèsí wúkọ́, ó wo òkè àjà. Ìgalà ni wọ́n pè tẹ̀ lé e. Òǹtẹ̀ Ọ̀bọ jọ ti òkèèrè, wọ́n dé e ládé oyè, ìlù sọ.

Bí mo bá parọ́, kí agogo ẹnu mi má ròó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Pó. Pó. Pó.

Ó ró. Ẹ̀yin tí ẹ óò jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìgbéga lóṣù tó ń bọ̀, àdó Ehoro wà lórí tábìlì yín, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọjú wò ó.