Òròmọdìẹ Tó Ń Wa Dánfó

À ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kí òun lọ jẹ̀ lórí ààtàn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ adìẹ lásán ni, àfi ìgbà tí mo wọ dánfó kan ní Ìyànà Ìpájà, tí mo jókòó síwájú, tí mo sì bá òròmọdìẹ náà nídìí ọkọ̀. Ó dé fìlà, ó tún ní láísẹ́ǹsì.

Ilẹ̀ ti ń ṣú. Bí a ṣe dé Mángòrò, iná iwájú kú fin. Awakọ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ké sí rìwáyà kan tó ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Onítọ̀hún ṣí ìdérí abẹ́ dáṣíbọọ̀dù, ó fa fíùsì búlúù kan yọ, ó sì fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wò ó. Okùn irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ti já, ike rẹ̀ ti dúdú.

"Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé lọ́sẹ̀ yìí!" ni awakọ̀ wí. "Fíùsì yìí fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu mi ni."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàámi. Èyí tí mo fẹ́ ṣe fún yín, kò ní já láéláé."

Ó bó wáyà kan, ó fa irun bàbà mẹ́rin yọ nínú rẹ̀, ó wé e mọ́ ẹsẹ̀ fíùsì bí ẹni ń dirun ọmọ, ó tì í padà. Iná tàn. Èrò pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, kí n má parọ́.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu fíùsì. Kì í ṣe gílóòbù ló ń ṣọ́, wáyà ni. Gílóòbù méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 55, lórí bátìrì fóòtì 12, bí áńpíà 9 ni wọ́n ń fà. Ìdí nìyẹn tí búlúù, tó jẹ́ 15, fi tó wọn. Bí búlúù bá wá ń já léraléra, a jẹ́ pé iná ń gba ibòmíràn lọ: ike wáyà ti bó níbi tó ti ń ha irin, omi àgbàrá ti wọ ihò gílóòbù, tàbí ẹnìkan ti so họ́ọ̀nù àjàgbé mọ́ ojú wáyà kan náà. Àwọn mìíràn á yọ búlúù, wọ́n á fi aláwọ̀ ewé sí i, torí pé 30 ló "lágbára jù". Ẹlòmíràn á ká bébà dídán inú páálí sìgá há a. Òròmọdìẹ gidi tiẹ̀ sàn: ó kàn ń ráhùn ni, kò mú púláyà so ìyá tó ń gbà á lọ́wọ́ ikú lápá.

Apaná pupa kan sì wà lábẹ́ ìjókòó mi o, eruku ti bò ó. Nítorí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ni wọ́n ṣe rà á, kì í ṣe nítorí iná.

Ohun tó yẹ ni pé kí rìwáyà yọ gílóòbù méjèèjì, kó fi búlúù tuntun sí i, kó tan iná. Bó bá tún já, wáyà, ihò gílóòbù tàbí ohun mìíràn tí wọ́n so mọ́ ọn ló ní àléébù; kó tọ wáyà lọ títí yóò fi bá ojú egbò. Bí kò bá já, kó dá gílóòbù padà lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò mọ èyí tó ń dá wàhálà sílẹ̀. Fíùsì kan kò tó owó búrẹ́dì Agége. Ṣùgbọ́n ta ló ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ń wá ojú egbò?

Ó ku díẹ̀ ká dé Ìkejà Along ni òórùn kan gba inú ọkọ̀, bí ìgbà tí ike ń jó lórí ààtàn. Èéfín yọ lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù. Ẹni tó pàtẹ́wọ́ jù ló kọ́kọ́ fò bọ́ sílẹ̀. Kọ̀ńdọ́ ló já orí bátìrì kí iná tó ràn. Ìdì wáyà ti yọ́ pọ̀ bí èkuru tó bàjẹ́. Irun bàbà mẹ́rin yẹn wà níbẹ̀, kò já. Rìwáyà kò parọ́.

Nígbà tí rìwáyà mìíràn dé, awakọ̀ fi ọwọ́ hàn án.

"Wáyà tí ẹni yẹn fi dì í ló tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Ẹ bá mi wá èyí tó nípọn."