Ojú La Fi Ń Ra Igi

Bí wọ́n bá ń wá àwọn tó ń fi ojú lásán ra pákó, kí wọ́n má wulẹ̀ rìn jìnnà: èmi rèé, ẹgbẹ́ mi sì pọ̀. Igi black walnut tó ń hù ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ló tú wa láṣìírí. Àárín rẹ̀ dúdú mọ́ pupa bíi ṣokoléètì, owó gọbọi la sì ń san nítorí dúdú yẹn. Bẹ́ẹ̀, dúdú náà gan-an ni kì í dúró. Igi ṣẹ́rì a máa dúdú sí i bó ṣe ń pẹ́. Ti walnut, bí oòrùn bá ti ń bá a lójú fèrèsé, ṣe ni àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí. Ẹ gbé ohun tó ti pẹ́ lórí tábìlì rẹ̀ kúrò, ẹ ó rí ojú ibi tó dúdú lábẹ́ rẹ̀. Èyí tó pani lẹ́rìn-ín jù ni ti apá funfun tó sún mọ́ èèpo. Nítorí pé àwa oníbàárà kò fẹ́ funfun, àwọn tó ń lagi a kó pákó tútù sínú oru omi gbígbóná, kí àwọ̀ àárín lè ràn mọ́ ọn. Ó ń ràn lóòótọ́, ṣùgbọ́n oríṣiríṣi àwọ̀ tó wà ní àárín náà á ṣú pọ̀. A sanwó fún ẹwà, a tún ní kí wọ́n sè é dànù.

Ìwà igi náà ló yẹ ká máa rà. Ẹnìkan lè ní óákù funfun le jù ú lọ. Òótọ́ ni: lórí ìwọ̀n Janka, 1,010 ni walnut, 1,360 ni óákù funfun. Àmọ́ líle nìkan kọ́ ni iṣẹ́ ń béèrè. Bí pákó tútù bá gbẹ pátápátá, óákù funfun lè fi ìdá 10.5 nínú 100 súnkì níbùú. Walnut kò ju 7.8 lọ. Ó gba ayùn, ó gba ìfági, gúlúù sì ń mú un. Abájọ tí wọ́n fi lò ó fún ìdí ìbọn M1 Garand: ìbọn a máa ta padà léraléra, igi náà kì í tètè là. Ẹlòmíràn lè ní, ṣé ká wá kórìíra ẹwà ni? Rárá o. Kí a ra èyí tí wọn kò sè, kí a gba funfun rẹ̀ mọ́ dúdú, kí a má gbé e sínú oòrùn. Ẹni tó mọ ìwà rẹ̀ náà ni yóò mọ̀ pé a kì í tẹ́ ẹ̀fá rẹ̀ fún ẹṣin sùn lé, torí ó ń ba ẹsẹ̀ ẹṣin jẹ́. Bí a bá dé ìsọ̀ onígẹdú, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè bó ṣe gbẹ tó, ká tó máa fi ojú jẹ ẹ́.